Àfòpiná Tí Ń Pa Ọ̀mùnú Ọ̀gànwó, àti Bí Ó Ti Ń Fò

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

 

Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ ìwọ̀nba ohun tí a mọ̀ nípa igi ọ̀gànwó, nítorí ìmọ̀ràn tí ó ti wà nílẹ̀ láàárín wa pé kí a yọ nínú owó ìdáwó, kí a fi gbin ọ̀gànwó púpọ̀ sí ojú kan, kí ó lè di gẹdú tí ìlú yóò fi ṣe ohun rere lọ́jọ́ iwájú. Ìmọ̀ràn náà dára, a kò sì wá síhìn-ín láti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n àlejò kan wà tí a kò fi ìwé pè, tí yóò dé inú oko náà ṣáájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a dá owó. Àlejò náà kì í ṣe olè, kì í ṣe màlúù, kì í sì í ṣe iná ọ̀dàn. Àfòpiná ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ bí ó ti ń fò, nítorí pé láti inú fífò rẹ̀ ni ìyà tí ó fi ń jẹ ọ̀gànwó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀gànwó nínú wa. Àwọn ìyá wa ń fi èèpo rẹ̀ se àgbo ibà, ó sì korò dé ibi tí ọmọdé fi ń sá fún un. Àwọn káfíńtà mọ̀ pé pákó rẹ̀ pupa, ó sì ń dán bí a bá fá a. Irú tí ó máa ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Ìbàràpá ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Khaya senegalensis. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó wà nínú igbó tí òjò ti pọ̀ jù báyìí lọ ni Khaya ivorensis àti Khaya grandifoliola. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gẹdú wọ̀nyí wà lára èyí tí a ń kó gba orí òkun lọ, a sì ń gé wọn ju bí wọ́n ti ń hù lọ. Nígbà tí àwọn aṣọ́gbó wá fẹ́ máa gbìn wọ́n lórí ìlà bí ẹni ń gbin kòkó, wọ́n rí i pé ọ̀tá ti ń dúró dè wọ́n. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe ọ̀tá náà ni Hypsipyla robusta. Ọ̀gbẹ́ni H. Roberts, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí kòkòrò igbó ilẹ̀ Nàìjíríà, kọ nípa rẹ̀ ní 1966 àti ní 1968. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí igbó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1954, mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Síbẹ̀, títí di òní olónìí, kò sí ẹni tí ó rí ẹ̀pa rẹ̀ lọ́nà tí apá àgbẹ̀ lè ká.

Àfòpiná náà fúnra rẹ̀ kò jẹ igi. Ó jẹ́ kòkòrò aláwọ̀ eérú tí ó pọ́n díẹ̀, kò sì tóbi. Bí ó bá bà sára èèpo igi, ojú yóò fò ó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ni ọ̀daràn. Ìyá a máa yé ẹyin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí ní méjì mẹ́ta, sí ara ọ̀mùnú àti ewé tuntun, yóò sì kúrò lórí igi yìí lọ sí òmíràn. Abo kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè yé ju igba ẹyin lọ kí ó tó kú. Bí ẹyin bá pa, ìdin a lu ihò wọ inú ọ̀mùnú, a sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Lẹ́yìn náà ni a ó rí orí igi tí ó rọ, tí ó gbẹ, tí ìyẹ̀fun bí ìgbẹ́ ikán sì ń jáde lẹ́nu ihò.

Igi náà kì í sábà kú. Ìbá jẹ́ pé ó ń kú ni, ọ̀rọ̀ ìbá tètè yanjú, nítorí ẹni tí igi rẹ̀ kú á gbin òmíràn. Yóò wà láàyè, yóò yọ orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin dípò ọ̀kan tí ó kú. Kòkòrò yóò tún padà wá pa àwọn náà. Igi yóò sì rí bí ìgbálẹ̀ tí a dojú rẹ̀ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ pákó mọ̀ pé inú ìtì àkọ́kọ́ tí ó gùn gbọọrọ ni owó gẹdú wà. Igi tí ó pín sí mẹ́rin ní ìwọ̀n gíga ènìyàn, igi ìdáná ni.

Ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gbin ọ̀gànwó mẹ́wàá sí etí pápá, nínú oòrùn gbangba. Àwa àti àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà a máa kà wọ́n lóṣooṣù. Nígbà òjò kejì, mẹ́jọ nínú wọn ti ní orí gbígbẹ. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé a kò mọ ọ̀gànwó mìíràn kankan ní àyíká ibẹ̀, àyàfi ìkan tí ó ti dàgbà nídìí odò, tí ènìyàn yóò rìn fún ìdajì wákàtí kí ó tó dé ìdí rẹ̀. Ta ni ó sọ fún àfòpiná pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbin igi?

Ìmú rẹ̀ ni, àti ìyẹ́ rẹ̀. Òórùn ewé tuntun ni ó ń fà á, àwọn ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì orí rẹ̀ sì ni ó fi ń gbọ́ òórùn náà nínú afẹ́fẹ́. Akọ náà ń fi irú ìwo bẹ́ẹ̀ gbọ́ òórùn abo, yóò sì dojú kọ afẹ́fẹ́ títí yóò fi bá a. Ṣùgbọ́n imú láìsí ìyẹ́ kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan; nítorí náà, ìbéèrè tí ó kàn wá ni pé kí ni ó ń mú kí àfòpiná kan fò jìnnà, tí òmíràn kò sì lè fò kọjá igi tí a bí i sí?

Ohun àkọ́kọ́ ni ìran. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti òkè òkun, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti rí i kedere jù. Ní nǹkan bí 1868 tàbí 1869, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Étienne Léopold Trouvelot, tí ó ń gbé ní Medford ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, kó irú àfòpiná kan wá láti Yúróòpù, Lymantria dispar, nítorí ìwádìí lórí òwú sẹ́dà. Díẹ̀ nínú wọn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni kòkòrò yìí ti ń jẹ ewé igi igbó ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tán pátápátá ní ọdún tí ó bá pọ̀. Ẹ wá gbọ́ ìyanu inú rẹ̀: abo irú èyí tí ó ti Yúróòpù wá ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n kì í fò. Ó ń rá, ó ń rìn, ó ń yé ẹyin nítòsí ibi tí ó ti jáde. Ìdin kékeré ni ó ń so rọ̀ lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e, ènìyàn sì ni ó ń ru ẹyin kiri lára igi ìdáná àti ọkọ̀. Nítorí èyí, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ó ti ń tàn, síbẹ̀ kò tíì gba Amẹ́ríkà já. Ṣùgbọ́n ìran rẹ̀ tí ó wà ní Éṣíà yàtọ̀. Abo tiwọn ń fò dáadáa, ó sì ń bá iná èbúté lọ, ó ń yé ẹyin sára ọkọ̀ ojú omi. Ní 1991 ni wọ́n rí irú ti Éṣíà yìí ní àwọn èbúté apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn ìjọba méjèèjì sì dìde sí i kánkán, nítorí wọ́n mọ̀ pé abo tí ń fò kò ní dúró dé ènìyàn kí ó tó rìn. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà lè béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò yín.

Ọ̀gànwó wa kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Abo tirẹ̀ ń fò, ó sì ń fò dáadáa.

Ohun kejì ni ooru ara, èyí ni ó sì dùn mọ́ wa jù láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ wo àfòpiná ńlá tí ó bà sára ògiri ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kì í fò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ máa gbọ̀n ìyẹ́ rẹ̀ wìrìwìrì bí ẹni tí ibà ń mú. Kì í ṣe ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ẹran àyà rẹ̀ tí ó fi ń fò ni ó ń mú gbóná, nítorí pé ẹran tútù kò lè gbé e nílẹ̀. Bí àyà bá gbóná tó, a ó rí i tí yóò ṣí fìrì. Afẹ́fẹ́ tí ó tutù jù ń dí i lọ́wọ́, ooru tí ó pọ̀ jù náà ń pa á lára.

Ìbátan kòkòrò sányán wa kan fi èyí hàn gbogbo ayé. Gbogbo wa ni a mọ aṣọ sányán. Òwú tí a fi ń hun ún ń ti inú ìtẹ́ kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe wá. Àwọn ẹbí rẹ̀ kan wà ní etí Òkun Mẹditaréníà tí wọ́n ń jẹ ewé igi páìnì, tí ìdin wọn ń rìn ní tò-tò-tò, èkejì lẹ́yìn èkíní, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń lọ sí pápá. Abo wọn kì í jẹun rárá lẹ́yìn tí ó bá ti di àfòpiná, kì í pẹ́ láyé, ẹyin inú rẹ̀ sì wúwo, nítorí náà kò lè lọ jìnnà. Ní àwọn òkè ńlá Ítálì, òtútù òru ni ó sé wọn mọ́ ìsàlẹ̀, torí pé bí ó bá tutù kọjá bí ìwọ̀n 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius, abo kò lè gbéra. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2003, ooru tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ mú ní Yúróòpù. Òru gbóná, abo gbéra, wọ́n sì gòkè lọ sí ibi tí wọn kò dé rí. Àwọn onímọ̀ Ítálì wọn ọ̀nà tí wọ́n rìn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Ooru ìgbà kan ṣoṣo ni ó ṣe èyí. Ní Ìbàràpá níhìn-ín, òru wa kì í sábà tutù tó láti dí àfòpiná lọ́wọ́, bí kò ṣe ní ìgbà ọyẹ́. Nígbà náà, ọ̀gànwó kò sì ní ọ̀mùnú púpọ̀ lórí. Ìgbà tí òjò dé, tí ewé tuntun yọ, tí òru sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni gbogbo nǹkan bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kẹta ni oúnjẹ àti ìnira ìgbà èwe. Ọ̀rá tí ìdin kó jọ ni àfòpiná ń ná bí owó nígbà tí ó bá ń fò. Ọ̀pọ̀ ń fi oje òdòdó kún un. Ìdin tí kò jẹ àjẹyó yóò di àfòpiná kékeré tí kò lágbára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, kòkòrò kan wà tí ń jẹ koríko àti àgbàdo, Spodoptera exempta. Bí ìdin rẹ̀ bá dá wà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ewé ni ó ń ní, ó sì ń ṣe jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá pọ̀ tí wọ́n ń fún ara wọn mọ́ra, wọn a dúdú, wọn a yára, àfòpiná tí ó bá sì ti inú wọn jáde a máa fò jìnnà ju ti àwọn adánìkanwà lọ. Ó dà bí ìgbà tí ilé kún jù tí àwọn ọmọ bá ń wá ọ̀nà ìdálẹ̀. Àwa ọmọ Ayétẹ̀ mọ ìtàn yẹn dáadáa.

Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìyẹ́ àfòpiná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde rọ̀ bí ewé tútù, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ kí ó tó wúlò. Ẹyin inú abo ń wúwo níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fúyẹ́ bí ó ti ń yé e. Láti mọ gbogbo èyí, àwọn onímọ̀ a máa so àfòpiná mọ́ ẹnu ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń yí po, wọn a sì ka iye ìgbà tí ó yí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n kòkòrò tí a so mọ́ ọ̀pá kì í ṣe kòkòrò tí ó wà nínú afẹ́fẹ́.

Afẹ́fẹ́ ni a fẹ́ kàn báyìí. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń gbin àgbàdo kò nílò ìwé láti mọ̀ ọ́n. Ní 2016 ni kòkòrò tuntun kan tí ń jẹ àgbàdo, Spodoptera frugiperda, ti Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ wa. Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Àfòpiná rẹ̀ lè bá afẹ́fẹ́ rìn tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní òru ọjọ́ kan. Nígbà tí yóò fi di 2018, ó ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì ti dé Íńdíà. Ó dé Ṣáínà ní 2019, ó sì dé Ọsirélíà ní 2020. A rántí pé ní ọdún tí ó kọ́kọ́ dé, àwọn kan ń wo ẹni tí ó ni oko ìkángun wọn ní ìwòkuwò, wọ́n ń béèrè ohun tí ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Kò sí ẹni tí ó rán an. Ọkùnrin tí ẹ̀ ń fura sí kò lè rán nǹkan dé Ọsirélíà.

A gbọ́ pé ẹnìkan dámọ̀ràn pé kí a gbé iná alágbára-oòrùn sí àárín oko ọ̀gànwó, kí àfòpiná lè wá kú síbẹ̀. Orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ kòkòrò yìí ti fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ó ń lọ bá iná. Ní 2024 ni àwọn onímọ̀ kan, tí Samuel Fabian ti Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára wọn, sọ ìdí tí wọ́n rí fún un: kòkòrò a máa kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, nítorí pé ojú ọ̀run ni ó mọ́ jù lóru, èyí ni ó sì fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá kọjá lẹ́bàá fìtílà, yóò kọ ẹ̀yìn sí fìtílà, ọ̀nà rẹ̀ yóò sì dàrú, yóò máa yí po. Nítorí náà, kì í ṣe pé iná ń pè é láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó bá kọjá nítòsí ni iná ń mú. Abo tí ó ru ẹyin, tí òórùn ọ̀mùnú ń fà, lè yé ẹyin rẹ̀ tán ní ìkángun oko kí ó tó rí iná. Ẹ jẹ́ kí a gbé iná náà sí iwájú ilé ìwòsàn.

Oògùn fífọ́n ńkọ́? Inú igi ni ìdin wà. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi ń wà ní ìta kí ó tó wọlé, ìyá rẹ̀ sì ń padà wá ní gbogbo ìgbà tí igi bá yọ ewé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti dán oògùn wò lórí kòkòrò yìí ni ó rí i pé owó rẹ̀ pọ̀ ju èrè lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ wa jù wá láti Ghana. Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó tí ó wà ní Kumasi, wọ́n gbin ọ̀gànwó sí gbangba, wọ́n gbìn ín sí abẹ́ ìbòòji díẹ̀, wọ́n sì gbìn ín sí abẹ́ ìbòòji púpọ̀. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2008 ni pé èyí tí ó wà lábẹ́ ìbòòji kò jìyà kòkòrò tó ti gbangba, ṣùgbọ́n kò yára dàgbà. Ẹni tí ó bá mọ bí àfòpiná ti ń fò kò ní ṣe hà. Ní gbangba, oòrùn ń mú kí ọ̀mùnú yọ ní ọ̀pọ̀ yanturu, òórùn rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ láìsí ìdènà, igi kan sì wà lẹ́bàá èkejì tí abo kò fi ní láti ná ọ̀rá púpọ̀ kí ó tó yé ẹyin tán. Bí igi mìíràn bá dúró láàárín, ìrìn rẹ̀ gùn, òórùn dàpọ̀ mọ́ òórùn, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì pọ̀. Ní Malaysia, wọ́n tilẹ̀ ń wo bí èèrà pupa tí ń fi ewé kọ́lé sórí igi ṣe lè máa ṣọ́ ọ̀gànwó, àwa náà sì ní ìbátan èèrà yẹn lórí máńgòrò wa. Àwọn ọmọdé tí ó ti gun máńgòrò rí lè jẹ́rìí sí i.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ gbin ọ̀gànwó, a bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí a ro gbogbo ilẹ̀ náà kanlẹ̀ kí a tó gbìn ín. Kí a fi àwọn igi tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí a la ọ̀nà tóóró láàárín wọn, kí a gbin ọ̀gànwó sí ojú ọ̀nà náà ní jíjìnnà síra, kí a sì máa dín ìbòòji kù díẹ̀díẹ̀ bí igi bá ti ń ga. Bí ó bá jẹ́ gbangba nìkan ni a ní, kí tíìkì tàbí mẹ̀láínà pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀gànwó lọ. Iye igi yóò kéré sí èyí tí a kọ sínú ìwé ètò. Àwa yàn kí igi ọgọ́rùn-ún dúró gbọọrọ ju kí ẹgbẹ̀rún kan di ìgbálẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ ti ọ̀bẹ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wọ oko náà lọ́sẹ̀ méjì méjì nígbà òjò, kí ó gé ọ̀mùnú tí ó bá ń rọ ní ìsàlẹ̀ ihò, kí ó sun ún pẹ̀lú ìdin inú rẹ̀. Nígbà tí igi bá sì yọ orí púpọ̀, kí ó dá èyí tí ó dúró ṣánṣán jù sí, kí ó gé ìyókù. Kò ṣòro, ṣùgbọ́n kò ṣe é fi sílẹ̀ fún ọdún kan. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà pé owó irúgbìn tí ẹ dá kò tó. Owó oṣù ẹni tí yóò máa tọ́jú igi náà fún ọdún márùn-ún ó kéré tán ni ó yẹ kí ẹ dá mọ́ ọn, kí a sì yà á sọ́tọ̀ nínú ìwé akápò, kí ẹnikẹ́ni má fi ra àga ìpàdé.

Èso ọ̀gànwó kì í pẹ́ kí ó tó sọ agbára híhù rẹ̀ nù lẹ́yìn tí ó bá ti gbó, àfi bí a bá tọ́jú rẹ̀ sí ibi tútù, a kò sì ní irú ibẹ̀ nílùú. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí èyí lónìí, a lè ṣa èso ti ẹ̀ẹ̀rùn yìí kí a sì gbìn ín sínú ọ̀rá kí òjò tó dé. Bí a bá sún un síwájú, ó di èso ti ọdún tí ń bọ̀. Akọ̀wé ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn tí yóò tẹ̀lé wa lọ wo ilẹ̀ náà ní òwúrọ̀ ọ̀la.